Kí Dáìsì Tó Balẹ̀: Bí A Ṣe Ń Yanjú Òfin Tó Ní Ìtumọ̀ Méjì Nínú Warhammer

  Ọ̀rọ̀ àríyànjiyàn la fẹ́ sọ lónìí.

Ẹni tó bá ti ta Whot rí á mọ ohun tí mò ń sọ. Ẹnì kan já 2 sílẹ̀, ó ní kí o mú méjì. Ìwọ náà ní 2 lọ́wọ́. Ṣé o lè fi tìẹ lé e, kí ẹni tó kàn lọ mú mẹ́rin, àbí o gbọ́dọ̀ mú méjì rẹ jẹ́jẹ́? Nílé kan, bẹ́ẹ̀ ni. Nílé kejì, rárá o. Ìjà ti dé nìyẹn.

Ìyẹn sì rèé, káàdì lásán ni. Ẹ wá wo Warhammer, eré ogun tí ilé iṣẹ́ Games Workshop ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé jáde ní 1983. Ẹni méjì dúró sí ẹ̀gbẹ́ tábìlì ńlá kan. Oníkálùkù ní ẹgbẹ́ ọmọ ogun tirẹ̀: ère kéékèèké oníke, àwọn jagunjagun, oṣó, òmìrán, dírágónì. Ọwọ́ ara rẹ lo fi lẹ̀ wọ́n pọ̀, ìwọ lo kùn wọ́n lọ́dà, ó sì lè gbà ọ́ ní ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Téèpù lẹ fi ń wọn ìrìn wọn, dáìsì ló ń sọ bóyá idà bá ara tàbí kò bá a. Eré kan lè gba wákàtí méjì sí mẹ́ta. Ká wá dé wákàtí kejì, kí gbogbo rẹ̀ dúró lórí gbólóhùn kan ṣoṣo tí ẹ̀yin méjèèjì kà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Inú á bí èèyàn.

Ẹ jẹ́ kí n fi àpẹẹrẹ kan hàn yín. Òfin sọ pé ẹgbẹ́ ọmọ ogun tó bá wà láàrin íǹṣì 12 sí ọ̀gágun wọn máa ń jàǹfààní agbára rẹ̀. Ó dára. Àmọ́ ọmọ ogun mẹ́wàá ló wà nínú ẹgbẹ́ náà. Mẹ́ta wà láàrin íǹṣì 12, méje ti kọjá ibẹ̀. Ṣé ẹgbẹ́ náà wà láàrin rẹ̀ ni, àbí kò sí níbẹ̀? Àwọn tó ń kọ òfin ní láti pín ọ̀rọ̀ kan yẹn sí méjì nígbà tó yá: ọ̀kan fún ẹgbẹ́ tí ẹsẹ̀ ẹnì kan péré wọ ibẹ̀, èkejì fún ẹgbẹ́ tí gbogbo wọn wà níbẹ̀ pátápátá, láìku ẹnì kan.

Àwọn kan á ní kí wọ́n ṣáà kọ òfin tó gún régé, kí ariwo tán. Wọ́n ti gbìyànjú ẹ̀. Ìwé òfin Warhammer tó jáde ní 2010 ju ojú ewé 500 lọ, ìtàn àti àwòrán pọ̀ nínú ẹ̀ lóòótọ́. Ní 2015, wọ́n yí i padà sí Age of Sigmar, òfin tí gbogbo eré náà dúró lé sì wá di ojú ewé mẹ́rin péré. Ṣé ariwo wá tán? Ojú ewé mẹ́rin yẹn sọ pé ara ère gan-an ni kí o wọn, kì í ṣe àwo róbótó tí ère náà dúró lé. Ẹni tí ọ̀kọ̀ jagunjagun rẹ̀ nà síwájú ti jèrè íǹṣì kan lọ́fẹ̀ẹ́ nìyẹn. Àwọn míì ń gbé ère tiwọn lé orí àwo ẹlòmíì tó ti fara balẹ̀ kùn ún. Ọ̀pọ̀ ìdíje fagi lé e fúnra wọn, wọ́n ní àwo sí àwo ni káwọn èèyàn máa wọ̀n. Nígbà tí ìtẹ̀jáde kejì dé ní 2018, ilé iṣẹ́ náà fara mọ́ ohun táwọn tó ń ṣeré ti ń ṣe.

Ẹ wá gbọ́ eléyìí. Ìwé tó ju ojú ewé 500 àti ìwé ojú ewé mẹ́rin, ìmọ̀ràn kan náà ni àwọn méjèèjì gbà wá: bí òfin kò bá yé yín, ẹ jọ sọ ọ́, bí ẹ ò bá fẹnu kò, ẹ ju dáìsì, kí eré máa lọ.

Ọ̀rọ̀ yìí sì ti pẹ́. Ní 1824, ọ̀gá ológun kan ní Prussia, Georg von Reisswitz, gbé eré ogun jáde fún àwọn ọmọ ogun láti fi kọ́ṣẹ́, lórí máàpù, pẹ̀lú dáìsì, àti rẹfirí tó ń dájọ́. Òfin rẹ̀ pọ̀ gan-an. Nígbà tó di 1876, ọ̀gá ológun míì, Julius von Verdy du Vernois, ní kí wọ́n pa ọ̀pọ̀ òfin wọ̀nyẹn tì, kí rẹfirí tó nírìírí máa fi làákàyè tirẹ̀ dájọ́. Ẹ ò rí i pé àríyànjiyàn wa kì í ṣe tàná.

Lórí tábìlì lónìí, ọ̀nà méjì lèèyàn pín sí. Àwọn kan ní ohun tí wọ́n kọ la ó tẹ̀ lé, ì báà dùn, ì báà korò. Àwọn kejì ní ohun tó wà lọ́kàn ẹni tó kọ ọ́ ni ká wò. Ti àwọn àkọ́kọ́ wúlò níbi ìdíje, torí pé ìwọ àti àlejò tí o kò mọ̀ rí ń ka ìwé kan náà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ inú ìwé lè bí ohun tí kò bọ́gbọ́n mu, bíi ti ọ̀kọ̀ yẹn. Ti àwọn kejì bọ́gbọ́n mu, àmọ́ ẹni tó kọ òfin ò sí nítòsí tí a ó fi bi í, ó sì jọ pé ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ sábà máa ń gbe ẹni tó ń sọ̀rọ̀.

Níbi tí mo wá dúró sí nìyí: àsìkò ṣe pàtàkì ju ọ̀nà lọ. Kí dáìsì tó balẹ̀, ẹ̀yin méjèèjì lè fi òótọ́ inú ka gbólóhùn. Tó bá ti balẹ̀, ẹ ti mọ ẹni tí ìtumọ̀ kọ̀ọ̀kan máa ṣe lóore, olùpẹjọ́ ti wá di adájọ́.

Torí náà, kí eré tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jọ wo orí tábìlì. Ṣé igbó yìí dí ojú? Ṣé ògiri yìí ṣeé gùn? Ẹ fẹnu kò síbì kan.

Bí o bá ń gbé ère, sọ èrò rẹ síta: “Mo ń fi í síbi tí tafàtafà rẹ ò ti ní rí i.” Bí ẹnì kejì bá gbà, ọ̀rọ̀ ti tán. Kò ní sí pé ẹnikẹ́ni ń dọ̀bálẹ̀ wo ìrù dírágónì nígbà tó bá yá.

Bí àríyànjiyàn bá ṣì dé, ẹ ka òfin náà sókè lẹ́ẹ̀kan, kí oníkálùkù sọ tirẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Kó o wá bi ara rẹ pé: ká ní èmi ni mo ni ẹgbẹ́ ogun tó kọjú sí mi yìí, ṣé bí màá ṣe kà á nìyí? Bí ẹ kò bá tíì gbà, ẹ ju dáìsì. Lẹ́yìn eré, ẹ lọ wo ìwé àtúnṣe tí ilé iṣẹ́ náà ń gbé jáde. Ohun tẹ́ ẹ bá rí níbẹ̀, eré tó ń bọ̀ ló wà fún. Ẹ má padà lọ gba ife lọ́wọ́ ẹni tó jẹ tàná.

Àwọn àgbà ní bí a bá ń jà, bí i ká kú kọ́. Ẹni méjì ló ń ta eré yìí, kì í sì í ṣe gbogbo àdúgbò lèèyàn ti ń rí ẹni tó ní irú ère bẹ́ẹ̀ nílé. O lè jàre lórí gbólóhùn kan lálẹ́ Sátidé, kó o sì fi oṣù mẹ́fà máa nu eruku lára àwọn jagunjagun rẹ nítorí pé kò sẹ́ni tó fẹ́ bá ọ ta á mọ́.

Ẹ kọ̀wé sí wa nípa òfin tó ń dá ìjà sílẹ̀ láàrin ẹ̀yin àti àwọn ọ̀rẹ́ yín, ì báà jẹ́ Warhammer, Lúdò tàbí Whot. A ó máa retí yín. Ó dìgbà kan ná o.