Ta Ni Ó Rí I? Ọ̀rọ̀ lórí Fíìmù Adẹ́rùbani àti Fíìmù Ogun

Bí fíìmù bá parí, tí iná gbọ̀ngán sì tàn, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí ń jáde lẹ́nu òǹwòran kì í gùn. “Ó dùn.” “Ó bani lẹ́rù.” “Irọ́ ni wọ́n ń pa.” Àwọn olùkọ́ lítíréṣọ̀ a máa fi ojú tín-ín-rín irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n á ní kì í ṣe iṣẹ́ lámèyítọ́, wọ́n á ní kò ní ìlànà, kò sì ní ẹ̀rí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé sinimá ní Sùúrùlérè tàbí ní Yábàá, tí ó sì fetí sílẹ̀ dáadáa, yóò rí i pé ìdájọ́ wà nínú àwọn ọ̀rọ̀ kúkúrú wọ̀nyí, ìdájọ́ tí ó yẹ kí ó kọ olùkọ́ lóminú.

Ẹ fi ojú inú wo ọkọ̀ dáńfó kan tí ó gbéra ní Ojúẹlẹ́gba ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú, tí ó ń lọ sí Múṣin. Akẹ́kọ̀ọ́ kan jókòó ti ìyá àgbàlagbà kan tí ó ń ta aṣọ ní Tejúoṣó. Aládùúgbò ni wọ́n. Fíìmù méjì ni akẹ́kọ̀ọ́ náà wò lọ́sẹ̀ yẹn, ọ̀kan jẹ́ adẹ́rùbani, èkejì sì jẹ́ ti ogun.

“Màmá,” ni ó wí, “èyí tí wọ́n ti fi ènìyàn ṣòògùn owó yẹn, n kò lè sùn títí ilẹ̀ fi mọ́. Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní àdúgbò wa, mà.”

“Ta ni ó ṣẹlẹ̀ sí, ọmọ mi?”

“Wọ́n ní ọkùnrin kan ni, mà.”

“Ìwọ rí i?”

“Rárá o, mà. Gbogbo ènìyàn ni ó ń sọ ọ́.”

“Ti ogun ńkọ́?”

“Ìyẹn dára, mà. Ìjà ibẹ̀ dùn gan-an. Ṣùgbọ́n ẹ ṣáà mọ̀ pé eré ni.”

Ìyá náà dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. “Eré kẹ̀? Nígbà ogun Bìáfíríà, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin wọ ọkọ̀ ojú irin ní Ìddó pẹ̀lú aṣọ ṣọ́jà lọ́rùn. N kò ju ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lọ. Títí di òní, kò padà.”

Ọ̀rọ̀ inú ọkọ̀ yìí ni kókó ètò alẹ́ òní. Ohun tí ọ̀dọ́mọkùnrin náà kò fojú rí, tí ẹni tí ó sọ ọ́ fún un pàápàá kò fojú rí, ni ó gbà ní òtítọ́ débi pé oorun dá lójú rẹ̀. Ohun tí ìyá tí ó jókòó tì í ti sunkún lé lórí láti kékeré ni ó pè ní eré. Kì í sì í ṣe òmùgọ̀. Ọ̀nà tí fíìmù gbà dàgbà nílẹ̀ yìí ni ó kọ́ ọ bẹ́ẹ̀.

Kí àwọn òṣèré ilẹ̀ Yorùbá tó bẹ̀rẹ̀ sí ṣe fíìmù tiwọn, fíìmù Íńdíà, ti Ṣáínà àti ti Amẹ́ríkà ni wọ́n sábà máa ń fi hàn ní àwọn ilé sinimá bí Casino ní Yábàá àti Pen Cinema ní Agége, èyí tí orúkọ rẹ̀ kò kúrò lẹ́nu àwọn ọlọ́kọ̀ títí di òní. Ẹ̀rù wà nínú àwọn kan nínú wọn, ṣùgbọ́n ẹ̀rù náà kì í bá òǹwòran délé. Òkú Dracula tí ń jí nínú pósí láti mu ẹ̀jẹ̀ lè mú kí ènìyàn fi ọwọ́ bo ojú. Àmọ́ ta ni ó ní aládùúgbò ní Múṣin tí ó ń gbé nínú ilé olódi lórí òkè ní Róòmáníà? Bí òǹwòran bá ti dé ibùdókọ̀, ẹ̀rù ti tán.

Ìgbà tí fíìmù Aiyé jáde ní 1979 ni ọ̀rọ̀ yí padà. Hubert Ògúndé, ọmọ Òsósà lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Òde, tí a bí ní 1916, tí ó sì ti ń ṣe eré ìtàgé láti 1944, ni ó gbé e jáde. Ọlá Balógun ni ó darí rẹ̀. Ìjà láàárín àwọn àjẹ́ àti babaláwo tí ń jẹ́ Ọ̀ṣẹ́túrá ni ìtàn náà dá lé, Ògúndé fúnra rẹ̀ ni ó sì ṣe Ọ̀ṣẹ́túrá. Ilé eré ńlá ti ìjọba ní Ìgànmú, tí wọ́n ṣí ní 1976 ní ìpalẹ̀mọ́ fún àjọ̀dún FESTAC ti 1977, wà lára àwọn ibi tí èrò ti ń wọ́ lọ wo fíìmù Yorùbá láyé ìgbà náà.

Kí ni Ògúndé rí nínú sinimá tí kò rí lórí ìtàgé? Lórí ìtàgé, bí ènìyàn bá fẹ́ yí padà di nǹkan mìíràn, ẹnu ni òṣèré fi ń sọ ọ́, orin ni ó sì fi ń gbé e lẹ́sẹ̀. Òǹwòran ni yóò fi inú ara rẹ̀ parí iṣẹ́ náà. Nínú fíìmù, ojú rí i. Ọgbọ́n rẹ̀ kò sì le. Ayàwòrán yóò dá ẹ̀rọ rẹ̀ dúró, òṣèré yóò kúrò níbi tí ó wà, wọn yóò gbé ohun mìíràn sí ibẹ̀, ẹ̀rọ yóò tún bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá fi í hàn, ńṣe ni yóò dà bí ẹni pé ènìyàn ni ó di nǹkan náà ní ìṣẹ́jú akàn. Georges Méliès ti ń ṣe irú rẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé kí ọdún 1900 tó dé, àwọn ará ibẹ̀ sì mọ̀ ọ́n sí iṣẹ́ onídán.

Èé ṣe tí ó fi di ẹ̀rí fún ọ̀pọ̀ ènìyàn níhìn-ín? Etí ni ó fà á. Èdè tí àwọn àjẹ́ Ògúndé ń sọ àti ọfọ̀ tí Ọ̀ṣẹ́túrá ń pè kì í ṣe èdè eré lásán; èdè tí òǹwòran ti gbọ́ lẹ́nu bàbá rẹ̀ àgbà ni. Nígbà tí etí ti jẹ́rìí, ojú kò ní àtakò kankan mọ́. Èyí ni agbára Ògúndé, kò sì sí ẹni tí ó lè fi ọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Ibi tí ewu wà ni pé ọ̀pọ̀ àwọn tí ó tẹ̀ lé e mú idán ẹ̀rọ, wọ́n fi ìjìnlẹ̀ èdè sílẹ̀.

Fídíò ni ó gbé ẹ̀rù wọ inú yàrá. Ní 1992, Kenneth Nnebue gbé Living in Bondage jáde ní èdè Ìgbò. Andy fi Merit aya rẹ̀ rúbọ nínú ẹgbẹ́ òkùnkùn nítorí owó, òkú aya náà sì ń yọ sí i. Kò sí Róòmáníà níbẹ̀. Èkó ni, pẹ̀lú ilé, ọkọ̀ àti aṣọ tí gbogbo ènìyàn mọ̀. Ẹni tí kò gbọ́ Ìgbò pàápàá mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀. Òǹwòran kò sì sí láàárín ẹgbẹ̀rún èrò tí wọ́n jọ ń pariwo mọ́. Ó wà nínú pálọ̀ rẹ̀, àwọn ọmọ jókòó sórí ẹní, ìyá ọkọ sì wà nínú yàrá kejì.

Ìyá ọkọ inú yàrá kejì ni kí a ṣọ́. Bí ọmọ bá sunkún lóru lẹ́yìn irú fíìmù bẹ́ẹ̀, ta ni wọ́n máa kọ́kọ́ fura sí? Kì í ṣe òṣèré inú fíìmù. Ìyá arúgbó tí kì í tètè sùn ni. Ní ìhà gúúsù ìlà-oòrùn, àwọn ọmọdé ni ó jìyà rẹ̀ jù. Ní 1999, fíìmù kan tí ń jẹ́ End of the Wicked jáde, tí ó fi àwọn ọmọdé hàn gẹ́gẹ́ bí àjẹ́. Àwọn tí ń jà fún ẹ̀tọ́ ọmọ ní irú fíìmù bẹ́ẹ̀ wà lára ohun tí ń mú kí àwọn òbí lé ọmọ wọn síta. Àwọn tí ó ṣe é kò gbà. Ohun tí kò ní àríyànjiyàn ni pé ní 2008, ìpínlẹ̀ Akwa Ibom fi sínú òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé pé ẹ̀ṣẹ̀ ni láti pe ọmọ ní àjẹ́. Ìjọba kì í ṣòfin lórí ohun tí kò ṣẹlẹ̀.

Kì í ṣe pé kí a má ṣe fíìmù adẹ́rùbani mọ́. Kúnlé Afọláyan fi ọ̀nà mìíràn hàn ní 2009 nínú The Figurine, tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí Aràròmirẹ́. Àwọn ọ̀rẹ́ méjì tí wọ́n ń sin ilẹ̀ bàbá wọn gẹ́gẹ́ bí agùnbánirọ̀ rí ère òrìṣà kan nínú ojúbọ tí ó ti di ahoro. Ọdún méje oríire tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni ọdún méje ibi bẹ̀rẹ̀. Ṣé òrìṣà ni ó ṣe é ni, àbí ọwọ́ ènìyàn tí ìlara ń jẹ lọ́kàn? Fíìmù náà kò dáhùn. Ó fi ìdájọ́ sílẹ̀ fún ẹni tí ó wò ó. Òǹwòran yóò wò ó tán, ẹ̀rù yóò bà á, síbẹ̀ yóò máa bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè tí ìyá inú dáńfó bi akẹ́kọ̀ọ́: ta ni ó rí i? Ẹ̀rù tí ó gba ìbéèrè láàyè kì í lé arúgbó kúrò nílé.

Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yí sí ti ogun. Bàbá Kúnlé gan-an, Adéyẹmí Afọláyan tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Adé Love, wà lára àwọn aṣáájú níbẹ̀. Ní ìparí àwọn ọdún 1970, ó gbé Ìjà Òmìnira jáde láti inú Ọmọ Olókùn Ẹṣin, ìwé ìtàn àròsọ Adébáyọ̀ Fálétí tí ó jáde ní 1969. Ìlú tí ó wà lábẹ́ ìjẹgàba dìde láti gba ara rẹ̀ ni ìtàn náà. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ ló ti kọ́ ìwé yìí ní kíláàsì. Díẹ̀ ni ó sọ fún ọmọ ilé-ìwé pé Nàìjíríà ń bá ara rẹ̀ jagun lọ́wọ́ nígbà tí ìwé náà jáde.

Ogun abẹ́lé yẹn, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù keje 1967 tí ó sì parí ní oṣù kìíní 1970, kò rí àyè púpọ̀ nínú sinimá. Ìgbà tí Bíyí Bándélé ṣe Half of a Yellow Sun láti inú ìwé Chimamanda Adichie, wọ́n ti wò ó ní ìlú Toronto ní 2013 kí ó tó dé ilẹ̀ yìí. Oṣù kẹrin 2014 ni ó yẹ kí àwọn ilé sinimá Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí fi í hàn; àjọ tí ń yẹ fíìmù wò kò tètè fún un ní ìwé àṣẹ, ó sì di oṣù kẹjọ. Ẹ wo bí ayé ṣe rí: ainíye fíìmù tí ènìyàn ti ń fi orí ènìyàn pọ owó ń kọjá lẹ́nu ibodè, èyí tí ó sọ̀rọ̀ ogun tí ó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́ ni a dá dúró tí a ń yẹ ẹrù rẹ̀ wò.

Lẹ́yìn náà ni fíìmù ogun Yorùbá tún gbilẹ̀. Jagun Jagun, tí Fẹ́mi Adébáyọ̀ gbé jáde ní 2023, ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ jù. Gbọ́tìjà, tí wọ́n pa bàbá rẹ̀, lọ kọ́ṣẹ́ ogun lọ́dọ̀ Ògúndìjì, jagunjagun tí agbára rẹ̀ ń ba àwọn ọba lẹ́rù, tí òun náà sì ń bẹ̀rù ọ̀dọ́ tí ó bá fẹ́ ga jù ú lọ. Kókó ìtàn yìí dára, ó sì yẹ fún ìjíròrò nípa àwọn aláṣẹ tí kì í fẹ́ kí arọ́pò dàgbà. Àbùkù ibẹ̀ ni pé oògùn ni ó ń ja púpọ̀ nínú ogun náà. Ogun ti yá aṣọ fíìmù adẹ́rùbani wọ̀, abájọ tí akẹ́kọ̀ọ́ fi pè é ní eré. Nínú ogun Kírìjì, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1877 láàárín Ìbàdàn àti Èkìtì Parapọ̀, tí àgọ́ rẹ̀ kò sì tú títí di 1893, ìró ìbọn ni ó fún ogun náà lórúkọ. Ta ni ó ń roko nígbà náà? Ta ni ó ń fún àwọn ọmọ lóúnjẹ? Ibi tí fíìmù bá ti dé oko ahoro ni ogun ti ń di òtítọ́.

Ẹ̀bi náà kì í ṣe ti òṣèré nìkan. Láti sáà 2009/2010, wọ́n yọ ẹ̀kọ́ ìtàn kúrò gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ tí ó dá dúró ní ìpele ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀, ọdún púpọ̀ sì kọjá kí wọ́n tó pàṣẹ pé kí ó padà. Ọmọ tí ó dàgbà láàárín ìgbà náà lè gun ọkọ̀ kọjá bárékè Arakan ní Àpápá lójoojúmọ́ láìmọ̀ pé ní Bọ́mà ni Arakan wà, níbi tí àwọn ọmọ Nàìjíríà ti jà nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Sàréè àwọn ọmọ ogun wà ní itẹ́ òkú Yábàá pẹ̀lú. Olùkọ́ tí ó ń wá ohun tí yóò fi ṣe ìfáárà kí ó tó fi fíìmù ogun han kíláàsì rẹ̀ kò ní láti rìn jìnnà.

Nínú dáńfó, akẹ́kọ̀ọ́ náà kò sọ̀rọ̀ mọ́ fún ìgbà pípẹ́. Wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé Ọlọ́ṣà kí ó tó tún la ẹnu.

“Màmá, ẹ má bínú. Kí ni orúkọ wọn?”

Ìyá náà sọ orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fún un. Ó sọ oríkì rẹ̀ mọ́ ọn. Kọ̀ńdọ́kítọ̀ ń gbá ara ọkọ̀, ó ní kí ẹni tí yóò bọ́ sílẹ̀ ní Ọlọ́ṣà mú owó dání; àwọn méjèèjì bọ́ sílẹ̀, ó sì ń sọ ìyókù fún un bí wọ́n ti ń rìn lọ.