Fóònù tó ti kú, ta ló yẹ kó sanwó ìsìnkú rẹ̀?

Èyí ni ọ̀rọ̀ tí akọ̀ròyìn wa bá àwọn ọmọ Yorùbá tó ń ta fóònù àti kọ̀ǹpútà, àti àwọn tó ń tún wọn ṣe, sọ nílùú Àbújá.

Mo mọ̀ pé ṣe lẹ ti ṣọ́ọ̀bù pa wá síbí, mi ò ní jẹ́ kó pẹ́.

Ìbéèrè kan ni mo gbé wá. Fóònù tó ti kú pátápátá, tẹ́ ẹ ti yọ ojú rẹ̀, tẹ́ ẹ ti yọ kámẹ́rà rẹ̀, tí kò sí nǹkan kan mọ́ lára rẹ̀ tó ṣeé fi tún fóònù mìíràn ṣe, ta ló yẹ kó sanwó ìsìnkú rẹ̀? Ṣé ẹni tó rà á ni, àbí ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀? Àbí ilé iṣẹ́ tó ṣe é, tó sì ti jẹ èrè orí rẹ̀?

Lójú tèmi, ilé iṣẹ́ tó ṣe é ni. Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ló sì ti fi èyí sínú òfin, títí kan Nàìjíríà. Bẹ́ẹ̀ ni, títí kan Nàìjíríà. A máa dé ibẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbòmíì. Ẹni tó wà ní Amẹ́ríkà, tí iPhone rẹ̀ ti gbó, lè lọ sórí ìkànnì Apple, kó sọ irú èyí tó ní àti bó ṣe rí. Apple á fi ohun tó máa dì í sí ránṣẹ́ sí i, wọ́n á ti san owó ìfìránṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Kó ti fóònù náà bọ inú rẹ̀, kó gbé e lọ fún wọn, ó parí. Bí fóònù yẹn bá ṣì níye lórí, wọ́n á yọ iye náà kúrò nínú owó tuntun tó fẹ́ rà, tàbí kí wọ́n fún un ní káàdì ìrajà. Bí kò bá níye lórí mọ́, wọ́n á gbà á lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n á tú u sí wẹ́wẹ́. Dell àti HP náà ní irú ètò yìí fún kọ̀ǹpútà. Apple tiẹ̀ ní róbọ́ọ̀tì kan tó ń jẹ́ Daisy, tó lè tú iPhone 200 láàárín wákàtí kan. Mo mọ̀ pé kò sẹ́ni tó lè bá a díje níbí, ṣùgbọ́n Daisy kò lè tún ẹyọ kan ṣoṣo ṣe nínú wọn. Iṣẹ́ tiyín nìyẹn.

Ẹ má rò pé àánú ayé ló ń ṣe wọ́n o. Ní Amẹ́ríkà, ìjọba àpapọ̀ kò ní òfin kan tó kárí lórí èyí, ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ 25 àti olú ìlú wọn, Washington, ló ní òfin tiwọn. Èyí tó pọ̀ jù nínú òfin wọ̀nyí gbé ìnáwó náà lé ilé iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ lórí. California gba ọ̀nà mìíràn: ẹni tó ń ra tẹlifíṣàn tuntun ló ń san owó díẹ̀ lé e lọ́jọ́ tó bá rà á. Ní Japan, ẹni tó fẹ́ ju fíríìjì tàbí ẹ̀rọ ìfọṣọ nù ló ń sanwó àtúnlò rẹ̀, láti 2001. Ilẹ̀ Yúróòpù ló le jù. Níbẹ̀, ilé ìtajà ẹ̀rọ tó bá fẹ̀ tó 400 mítà onígun mẹ́rin gbọ́dọ̀ gba àwọn ẹ̀rọ kéékèèké lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó bá gbé e wá, ì báà má ra kóbọ̀ ọjà lọ́wọ́ wọn.

Síbẹ̀, gbogbo rẹ̀ kò tíì tó nǹkan. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé sọ pé pàǹtírí ẹ̀rọ tí aráyé jù nù ní 2022 jẹ́ tọ́ọ̀nù mílíọ̀nù 62, àti pé ìdá 22.3 péré nínú ọgọ́rùn-ún ló ní àkọsílẹ̀ pé wọ́n kó o jọ, tí wọ́n sì tún un lò bó ṣe yẹ. Apá kan nínú èyí tó kù, ẹ mọ ibi tó wà. Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù yín ni.

Kí ló dé tí páálí Apple yẹn kò fi lè dé Wuse tàbí Farm Centre ní Kano? Ẹlòmíì á ní torí ilé ìfìwéránṣẹ́ wa ni, kò sì parọ́. Ṣùgbọ́n ohun tó tóbi jù ú lọ wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí à ń lò kò tọwọ́ ẹni tó ṣe é dé ọ̀dọ̀ wa. Tòkunbọ̀ ni.

Àwọn olùwádìí láti Yunifásítì Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé àti ibùdó àpérò Basel tó wà ní Nàìjíríà dúró sí èbúté Èkó ní 2015 àti 2016, wọ́n ń ka ohun tó ń wọlé. Nǹkan bí 60,000 tọ́ọ̀nù ẹ̀rọ àlòkù ló ń gba ibẹ̀ wọlé lọ́dọọdún. Jámánì àti Britain ló ṣáájú nínú àwọn tó ń kó o wá. Èyí tó pọ̀ jù kò sí nínú kọ̀ǹténà rárá. Inú ọkọ̀ tòkunbọ̀ ni wọ́n há a sí, fíríìjì nínú bọ́ọ̀sì, tẹlifíṣàn lórí ìjókòó ẹ̀yìn. Nígbà tí wọ́n dán wọn wò, ó kéré tán ìdá 19 nínú ọgọ́rùn-ún ni kò ṣiṣẹ́.

Ìyẹn ni pé ẹ̀gbọ́n wa tó wà ní London, tó lè gbé fíríìjì rẹ̀ tó ti kú lọ síbi tí ìjọba ìbílẹ̀ rẹ̀ ti ń gbà á, ó rò pé òun ń ṣe wá lóore bó ṣe fi kún ẹrù tó ń bọ̀ nílé. Owó tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é ti san sílẹ̀ fún àtúnlò, òkè òkun ló kù sí. Fíríìjì nìkan ló wọ ọkọ̀ ojú omi.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lórí wa. Ní 1988, wọ́n kó pàǹtírí olóró láti Italy wá sí Koko, tó wà ní ìpínlẹ̀ Delta báyìí, wọ́n tò ó sínú ọgbà ilé ọkùnrin kan. Ọdún yẹn náà ni ìjọba ṣe òfin tó ka irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sí ọ̀daràn. Ọdún tó tẹ̀ lé e, aráyé fọwọ́ sí àdéhùn Basel. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2025, àdéhùn yẹn ti sọ pé kò sí pàǹtírí ẹ̀rọ kankan, ì báà ní oró tàbí kó má ní, tó gbọdọ̀ kọjá ẹnubodè láìjẹ́ pé orílẹ̀-èdè tó ń lọ ti fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó ń kó o bọ̀ bá ti kọ ọ́ sí ìwé pé "àlòkù" ni, pé kì í ṣe pàǹtírí, ta ló máa dúró ní èbúté láti ti ọ̀kọ̀ọ̀kan bọ iná, kó wò ó bóyá ó ń ṣiṣẹ́?

Ní ti òfin tiwa, NESREA, àjọ tó ń rí sí òfin àyíká, gbé òfin ẹ̀ka ẹ̀rọ abánáṣiṣẹ́ jáde ní 2011. Kókó rẹ̀ ni pé ẹni tó bá ṣe ẹ̀rọ, tàbí tó kó o wọ Nàìjíríà, òun ló ni ẹrù òpin rẹ̀. Ní 2018, àwọn ilé iṣẹ́ bíi HP, Dell, Microsoft àti Philips wà lára àwọn tó dá EPRON sílẹ̀, ẹgbẹ́ tó máa gba owó lọ́wọ́ àwọn tó ń kó ẹ̀rọ wọlé, tó sì máa fi owó náà san iṣẹ́ àwọn tó ń kó pàǹtírí rẹ̀ jọ àti àwọn tó ń tún un lò. Ètò náà dára lórí ìwé. Àmọ́ ilé iṣẹ́ ńlá tó ní ọ́fíìsì àti orúkọ ló rọrùn láti mú. Ẹni tó kó tẹlifíṣàn ogójì sínú bọ́ọ̀sì kan ńkọ́? Òun náà ni "aṣẹ̀rọ" lójú òfin, ṣùgbọ́n bó bá ti ta tán, ẹ wá a títí.

Ghana gba ọ̀nà tí mo fẹ́ràn jù. Òfin tí wọ́n ṣe ní 2016 gbé owó orí lé ẹ̀rọ tó ń wọlé, tuntun àti àlòkù, kí owó náà lè wà fún àtúnlò. Ìyẹn ni pé bí fíríìjì bá ń bọ̀, owó ìsìnkú rẹ̀ ní láti bá a bọ̀.

Ṣùgbọ́n Ghana náà ló kọ́ wa pé owó nìkan kò tó. Gbogbo yín lẹ ti rí àwòrán Agbogbloshie nílùú Accra, àwọn ọ̀dọ́kùnrin tó wá láti àríwá Ghana, tí wọ́n ń dáná sun wáyà kí bàbà inú rẹ̀ lè yọ. Ní 2019, àwọn olùwádìí ẹgbẹ́ IPEN àti BAN yẹ ẹyin adìẹ tó ń jẹ̀ káàkiri níbẹ̀ wò. Ẹyin kan ṣoṣo lóró dioxin nínú tó ìlọ́po 220 ohun tí ilẹ̀ Yúróòpù ní àgbàlagbà lè fara gbà lóòjọ́. Ẹyin tí wọ́n ń jẹ ni o.

Àwọn kan gbìyànjú. Ní 2014, ẹgbẹ́ Pure Earth àti Green Advocacy Ghana gbé ẹ̀rọ tó ń bó èèpo wáyà síbẹ̀. Ó ṣiṣẹ́ fún wáyà tó nípọn. Ní ti wáyà tín-ín-rín, iná ṣì yá jù ú lọ, ẹni tí ebi ń pa kì í sì í dúró de ẹ̀rọ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi owó ìrànwọ́ Jámánì dá ibùdó kan sílẹ̀ tó ń ra wáyà tí wọn kò tíì sun, kílò kílò. Èyí ló yé mi jù nínú gbogbo rẹ̀: wọn kò wàásù fún ẹnikẹ́ni, owó tó ju ti iná lọ ni wọ́n fi pè é. Ní oṣù keje 2021, ìjọba wó ọjà irin àlòkù Agbogbloshie. Iṣẹ́ náà kò kú, ó kàn fọ́n ká sáàárín ìlú ni.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ohun tó gbé mi wá gan-an. Àwa náà ní ẹni tó ń wá gba ẹ̀rọ lẹ́nu ọ̀nà, tó dà bíi ti Amẹ́ríkà. Baban bola ni. Ó ń ti ọmọlanke rẹ̀ kiri, ó ń dé ẹnu ọ̀nà yín láìsí pé ẹ kọ̀wé ránṣẹ́ sí i, ó sì ń fún yín lówó lójú ẹsẹ̀. Apple kò ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àmọ́ ohun tó lówó lórí nìkan ló ń rà: bàbà, alumíníọ̀mù, bọ́ọ̀dù. Bọ́ọ̀dù yẹn máa ń rìn jìnnà, torí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá tó lè yọ wúrà inú rẹ̀ láìpa ẹnikẹ́ni lára, bíi Umicore ní Hoboken, Belgium, kò sí ní agbègbè wa.

Ohun tí kò lówó lórí ńkọ́? Gíláàsì tẹlifíṣàn àtijọ́ tí òjé kún inú rẹ̀, fóòmù inú ara fíríìjì, ike, bátìrì tó ti wú. Baban bola kò rà á, ẹ̀yin náà ò lè tà á, ààtàn tàbí ojú gọ́tà ló ń lọ. Ibí yìí gan-an ni owó ilé iṣẹ́ yẹ kó bọ́ sí. Bàbà kò nílò ìrànwọ́ ẹnikẹ́ni. Bí EPRON àti NESREA bá fẹ́ kí ètò wọn dé ọjà yìí, kí wọ́n wá gbé iye kan lé orí bátìrì tó ti wú àti gíláàsì olójèé, kí baban bola lè rí ìdí tó fi máa gbé e.

Kó tó dìgbà náà, ẹ bá mi mójú tó bátìrì. Èyí tó bá ti wú, ẹ má gún un, ẹ má kó o jọ pọ̀ mọ́ irin, ẹ fi í sínú yẹ̀pẹ̀ gbígbẹ nínú ike, níbi tí oòrùn kò dé. Ẹ bá oníbàárà yín pa ohun tó wà nínú fóònù rẹ̀ rẹ́ kẹ́ ẹ tó tú u, torí fọ́tò àti nọ́ńbà báńkì èèyàn ń bá bọ́ọ̀dù rìn. Bẹ́ ẹ bá sì ní ẹrù tó pọ̀, àwọn ilé iṣẹ́ àtúnlò bíi Hinckley àti E-Terra wà ní Èkó. Ẹ lè para pọ̀ kó o lọ lẹ́ẹ̀kan.

Mo ti sọ tèmi. Mo rí i pé ẹni méjì tàbí mẹ́ta tó ń ra bọ́ọ̀dù ní kílò wà láàárín yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ni mo fẹ́ kọ́kọ́ gbọ́ ohùn yín: èló lẹ̀ ń rà á báyìí, ta lẹ sì ń tà á fún?