Kí Ni Oníṣòwò Ọkọ̀ Ń Ṣe fún Olùrà?

Ṣé ilé ìtajà ọkọ̀ ń ṣe olùrà lóore, àbí èrè lásán ni wọ́n ń lé sórí owó?

Inú ìwé ọkọ̀ ni ìdáhùn wà. Ẹ gbọ́ ọ o: ìwé ọkọ̀.

Ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ ló ti gba Kútọnu ní orílẹ̀-èdè Benin kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ wa ní Minna. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2017 ni ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà ti fòfin de kíkó ọkọ̀ wọlé láti ẹnubodè orí ilẹ̀. Síbẹ̀, àwọn kan ń gba ọ̀nà ẹ̀bùrú. Bí aṣọ́bodè bá mú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, ọwọ́ ẹni tó ń wà á ni wọ́n ti máa gbà á. Ó dà bí ilẹ̀ onílẹ̀: èèyàn lè kọ́lé sí i, kó má sùn nínú rẹ̀.

Ibí ni oníṣòwò gidi ti wúlò. Ó ń fi ìwé owó ibodè hàn. Ó ń fi nọ́ńbà ara ọkọ̀, lẹ́tà àti nọ́ńbà 17, wé ti inú ìwé. Bí wàhálà bá dé, olùrà mọ ibi tó ti máa bá a. Ìdí nìyẹn tí èrè fi tọ́ sí i.

Ṣùgbọ́n oníṣòwò tó kun ọkọ̀ lọ́dà, tó dá aago máìlì padà sẹ́yìn, tí kò jẹ́ kí mẹkáníìkì olùrà yẹ ẹ́ńjìnnì wò, olè ni. Kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín, ẹ kọ́kọ́ gba ìwé ọkọ̀ wò.