Ta Ló Jí Orí Olókun Gbé?

Ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ni mo fẹ́ sọ lónìí, ṣùgbọ́n kò sí ọlọ́pàá nínú rẹ̀. Àwọn ọ̀mọ̀wé ló ń tọpasẹ̀, orí idẹ kan láti Ilé-Ifẹ̀ ni wọ́n sì ń wá.

Ní 1910, ọmọ Jámánì kan, Leo Frobenius, wá sí Ifẹ̀. Ó rí orí idẹ tí wọ́n hú nílẹ̀ ní Igbó Olókun, ó sì fi owó díẹ̀ gbà á. Àwọn aláṣẹ Gẹ̀ẹ́sì pè é lẹ́jọ́, wọ́n sì mú kí ó dá a padà. A rò pé ọ̀rọ̀ ti parí.

Ní 1949, Leon Underwood àti William Fagg kọ̀wé pé orí tó wà ní Ifẹ̀ kì í ṣe ojúlówó. Wọ́n ní ẹ̀dà ni, nítorí bí wọ́n ṣe rọ ọ́ kò jọ ti àwọn orí yòókù. Ìbéèrè wá bẹ́ sílẹ̀: ta ló pààrọ̀ rẹ̀? Frobenius ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fura sí.

Ní àwọn ọdún 1970, ìròyìn dé Yunifásítì Ifẹ̀ pé orí náà wà nílé ẹnì kan ní Bahia, ní ilẹ̀ Brazil. Wole Soyinka àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbéra, wọ́n sì dọ́gbọ́n gbé e kúrò níbẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló ròyìn rẹ̀ nínú ìwé rẹ̀, You Must Set Forth at Dawn, tó jáde ní 2006. Ìgbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, ẹ̀dà lásán ni, irú èyí tí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé London ń ṣe tà.

Ní 2010, wọ́n gbé orí ti Ifẹ̀ lọ sí London fún àfihàn. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tún un yẹ̀ wò. Ìwádìí wọn, tó jáde ní 2013, fi hàn pé ẹ̀rí tí wọ́n fi pè é ní ẹ̀dà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, àti pé ó jọ pé ojúlówó ni. Ohun tí a wá lọ sí Sókótó ló wà nínú àpò ṣòkòtò!

Kí ni ó kàn wá nínú èyí? Iṣẹ́ ìjọba ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì, mo sì mọ iyì fáìlì. Ohun tí kò bá ní àkọsílẹ̀, ahesọ ni yóò máa gbé e kiri. Bí ẹ bá lọ sílé ní Iléyá tàbí Kérésì, ẹ ya fọ́tò ère ìbejì, ilẹ̀kùn gbígbẹ́ àti ọ̀pá oyè tó wà lágbo ilé yín. Ẹ wọ̀n wọ́n. Ẹ bi àwọn àgbà léèrè ẹni tó gbẹ́ wọn àti ẹni tó ni wọ́n, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí àwọn tó mọ̀ ọ́n tó lọ.

Bí oníṣòwò nǹkan àtijọ́ bá sì kanlẹ̀kùn, ẹ rántí òfin 1979: kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ ra irú nǹkan bẹ́ẹ̀ àyàfi aṣojú tí ìjọba fọwọ́ sí, a kò sì gbọ́dọ̀ gbé e jáde nílùú láìgba ìwé àṣẹ. Ẹ ní kí ó fi ìwé rẹ̀ hàn. Bí kò bá ní, ẹ sìn ín dé ẹnu ọ̀nà.