Apá Kan, Ọwọ́ Púpọ̀: Katapílà Nínú Igbó àti Lórí Ilẹ̀ Iṣẹ́



Yorùbá ya apá sọ́tọ̀ kúrò lára ọwọ́. Apá ló ń gbé ẹrù, ọwọ́ ló ń ṣiṣẹ́. Ẹni tí apá rẹ̀ le bí irin, tí ìka rẹ̀ kò ṣeé ká, kò lè di okùn, kò lè fa èpò tu, kò lè já ata. Láàárín apá àti ọwọ́ ni ọrùn ọwọ́ wà. Òun ló ń darí agbára apá síbi tí iṣẹ́ wà. Ohun tí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí fẹ́ fi hàn kò ju èyí lọ: ẹni tó bá ra apá láìra ọwọ́, ìdajì ẹ̀rọ ló rà.

Katapílà ni àwọn ènìyàn wa ń pe gbogbo ẹ̀rọ ńlá tó ń fi ẹsẹ̀ irin rìn. Orúkọ ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà kan ni, Caterpillar, tí ilé iṣẹ́ méjì para pọ̀ dá sílẹ̀ ní 1925. Ṣùgbọ́n katapílà pé oríṣi. Búlúdósà wà, tó ń fi irin fífẹ̀ ti yẹ̀pẹ̀ síwájú. Èyí tó ní apá gígùn náà wà, tó lè yí ara rẹ̀ po láìgbé ẹsẹ̀ kúrò lójú kan. Alápá yìí lọ̀rọ̀ dá lé.

Ọmọ Amẹ́ríkà kan, William Otis, ló gba ìwé ẹ̀tọ́ fún ẹ̀rọ awalẹ̀ tó ń fi agbára ooru omi gbígbóná ṣiṣẹ́ ní 1839. Ọdún yẹn náà ló kú, kò tíì pé ẹni ọgbọ̀n ọdún. Irú ẹ̀rọ tó fi lélẹ̀ ló gbẹ́ ọ̀nà omi Panama, iṣẹ́ tí Amẹ́ríkà ṣe láti 1904 títí di 1914. Àwọn ẹ̀rọ náà lágbára púpọ̀, àmọ́ iṣẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n mọ̀: kí wọ́n ki bọ́kẹ́ẹ̀tì bọ ilẹ̀, kí wọ́n gbé e sókè, kí wọ́n dà á nù. Ẹ̀wọ̀n àti okùn irin ló ń gbé apá wọn. Okùn lè fà, ṣùgbọ́n kò lè tì. Níbi tí ìtì kò bá sí, kò sí ọrùn ọwọ́.

Epo ló yanjú rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, ilé iṣẹ́ Poclain ní ilẹ̀ Faransé bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ẹ̀rọ awalẹ̀ tó ń fi epo haidirọ́líìkì gbé apá. Ní 1953, Joseph Cyril Bamford, ẹni tí àwọn lẹ́tà orúkọ rẹ̀ di JCB tí gbogbo wa mọ̀, so apá ìwalẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn tírákítọ̀ tó ní bọ́kẹ́ẹ̀tì níwájú, ní Staffordshire ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Pọ́ǹpù ni yóò ti epo gba inú họ́ọ̀sì lọ, epo ni yóò ti irin, irin ni yóò ká apá tàbí kó nà án. Nínú katapílà tó wọn nǹkan bí tọ́ọ̀nù 20, agbára ìtì epo yìí lè tó ìlọ́po 350 ti afẹ́fẹ́ tó yí wa ká.

Ohun tó ṣe pàtàkì jù nínú àyípadà yìí kò hàn sójú lẹ́ẹ̀kan náà. Bí epo bá ti lè dé ìgúnpá, ó lè dé ṣóńṣó apá pẹ̀lú. Bó bá sì ti dé ṣóńṣó apá, ohunkóhun tí epo lè yí, tí epo lè pa dé tàbí ṣí, ṣeé so mọ́ ibẹ̀. Láti ìgbà náà ni bọ́kẹ́ẹ̀tì ti di ọ̀kan péré nínú ọwọ́ púpọ̀.

Àgbẹ̀ tó ń lọ sóko máa ń mú ọkọ́ tí yóò fi kọ ebè, àdá tí yóò fi ṣán igbó, àáké tí yóò fi gé igi. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní igi ìdìmú tirẹ̀. Katapílà ní ìdìmú kan ṣoṣo. Ojú irin ni ó ń pààrọ̀. Láyé àtijọ́, ìpààrọ̀ náà kì í ṣe iṣẹ́ wẹ́rẹ́. Píìnì irin ńlá méjì ló de bọ́kẹ́ẹ̀tì mọ́ apá, òòlù ni wọ́n sì fi ń lù wọ́n jáde. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ awakọ̀ fi ń lo bọ́kẹ́ẹ̀tì fún iṣẹ́ tí kì í ṣe ti bọ́kẹ́ẹ̀tì: wọ́n ń fi hú kùkùté, wọ́n ń fi lu òkúta, wọ́n ń fi tẹ ilẹ̀. Ìkọ́ ìpààrọ̀ ló gbà wọ́n lọ́wọ́ ìyà yẹn. Awakọ̀ yóò jókòó sórí àga rẹ̀, yóò fi ìkọ́ náà mú irinṣẹ́ nílẹ̀, yóò tì í pa, iṣẹ́ á máa lọ.

Swídìn ni ilẹ̀ tó gbé ọ̀rọ̀ yìí dé ibi gíga. Igbó bo nǹkan bí ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ilẹ̀ wọn, òfin wọn sì ti ń pa á láṣẹ láti 1903 pé ẹni tó bá gé igbó gbọ́dọ̀ rí i pé igbó mìíràn hù. Ní Vindeln, ìlú kékeré kan ní àríwá, ilé iṣẹ́ Indexator ń ṣe irin tó ń yí ìgbámú igi po lórí ẹ̀rọ akógi. Ní àárín àwọn ọdún 1980, wọ́n gbé ọgbọ́n yẹn kúrò nínú igbó wá sí ìdí katapílà: ọrùn ọwọ́ tó ń yí po yíká láìdúró, tó sì tún ń fì sọ́tùn-ún sósì dé nǹkan bí ìwọ̀n 45. Tiltrotator ni wọ́n ń pè é. Ní 1990, Stig Engström dá ilé iṣẹ́ engcon sílẹ̀ ní Strömsund, ìlú kékeré mìíràn ní àárín igbó, láti máa ṣe irú rẹ̀. Lónìí, èyí tó pọ̀ jù nínú katapílà tó ń ṣiṣẹ́ ní Swídìn ló ní ọrùn ọwọ́ yìí.

Àwọn oníṣẹ́ ibẹ̀ tún ṣe ohun kan tó yẹ kí gbogbo oníṣòwò fetí sí: wọ́n fẹnu kò lórí ìwọ̀n kan náà fún píìnì ìkọ́. S45 ní píìnì tó nípọn tó mílímítà 45, fún ẹ̀rọ kékeré. S60 ní ti 60. S70 wà fún ẹ̀rọ tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ilé iṣẹ́ tó ń bá ara wọn du oníbàárà gbà kí irinṣẹ́ ọ̀kan wọ apá èkejì. Ẹni tó ra bọ́kẹ́ẹ̀tì lónìí kò ní láti jù ú nù nígbà tó bá pààrọ̀ katapílà.

Kí ni ọrùn ọwọ́ yìí ń ṣe lórí ilẹ̀ iṣẹ́? Ẹ wo yàrà páìpù omi ládùúgbò tí ilé há mọ́ra. Katapílà tí kò ní ọrùn ọwọ́ gbọ́dọ̀ máa sún síwá, kó sún sẹ́yìn, kó sì máa fi ẹsẹ̀ irin fọ́ títì bó ti ń lọ. Èyí tó ní in yóò dúró lójú kan. Yóò fi bọ́kẹ́ẹ̀tì tẹ́ẹ́rẹ́ gbẹ́ yàrà, yóò yí i bọ abẹ́ páìpù àtijọ́ láìkàn án. Yóò jù ú sílẹ̀, yóò mú bọ́kẹ́ẹ̀tì fífẹ̀ aláìléyín láti fi tẹ́ yanrìn. Yóò tún mú pátákó irin tó ń gbọ̀n láti fi ki ilẹ̀ mọ́ra, kí ẹnikẹ́ni má baà wọ inú yàrà tó lè wó. Bó bá kan àpáta, hámà wà: irin tó ń gbá òkúta léraléra. Bó bá kan òpó iná, irin lílọ́ tó ń lu ihò wà. Bó bá kan ọ̀nà omi ẹ̀bá títì, bọ́kẹ́ẹ̀tì tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì dagun wá sísàlẹ̀ wà, tó ń fún kòtò ní ìrísí tí omi ń fẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

Nínú igbó, ọ̀rọ̀ náà jinlẹ̀ sí i. Ní oṣù kìíní ọdún 2005, ìjì tí wọ́n pè ní Gudrun wó igi tó tó mílíọ̀nù 75 mítà kúbíìkì ní gúúsù Swídìn. Igi tí ìjì wó kì í sùn jẹ́ẹ́. Òmíràn tẹ̀ bí ọrun tí a fà, ẹni tó bá sì fi ayùn kàn án, ó lè ta á pa. Àwọn òṣìṣẹ́ kú sídìí iṣẹ́ kíkó igi náà kúrò. Níbi báyìí, orí ìgégi tí a so mọ́ apá gígùn sàn ju ènìyàn tó dúró ti igi lọ. Ọwọ́ irin yóò di igi mú, ayùn inú rẹ̀ yóò gé e, yóò fà á kọjá láàárín ọ̀bẹ tó ń re ẹ̀ka, yóò sì gé e sí ìwọ̀n tí ilé ìlagi ń fẹ́. Awakọ̀ wà nínú àgọ́ irin.

Iṣẹ́ tó wuni jù ni èyí tó ń tẹ̀lé gígé. Níbi tí wọ́n ti kó igi kúrò, katapílà yóò bu ewé jíjẹrà àti ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀, yóò dà á dé bí ẹni kọ ebè, kí ilẹ̀ ìsàlẹ̀ lè bọ́ sókè. Orí ebè yìí ni wọ́n ń gbin ọmọ igi sí. Ó máa ń yá gbóná lẹ́yìn òtútù, omi kì í dá sí i lórí, kòkòrò tó ń họ èèpo ọmọ igi páìnì kì í sì fẹ́ràn ilẹ̀ tí kò ní ewé lórí. Ilé iṣẹ́ Bracke Forest tilẹ̀ ṣe irinṣẹ́ tó ń kọ ebè, tó sì ń ki ọmọ igi bọ̀ ọ́ ní ìtẹ̀lé, lórí apá katapílà. Àgbẹ̀ Ẹkìtì tó ń kọ ebè iṣu yóò mọ ohun tí ẹ̀rọ yìí ń ṣe lójú ẹsẹ̀.

Ẹ̀rí pé irinṣẹ́ ló ń pinnu ohun tí ẹ̀rọ ń ṣe sí ilẹ̀, èyí tó sún mọ́ wa jù, wà ní Ìbàdàn. Ní ilé ìwádìí IITA, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1967, onímọ̀ ilẹ̀ Rattan Lal àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ọ̀nà oríṣiríṣi ṣán igbó kí wọ́n lè wo ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí ilẹ̀. Níbi kan wọ́n lo àdá àti iná. Níbì kejì wọ́n lo irin mímú tó ń gé igi mọ́lẹ̀, tó sì ń fi gbòǹgbò sílẹ̀. Níbì kẹta wọ́n lo irin tó ń ti igi ṣubú àti kọ́ọ̀mù irin tó ń fa gbòǹgbò tu. Ibi tí wọ́n ti fa gbòǹgbò tu ni òjò ti gbá ilẹ̀ lọ jù. Ẹ jẹ́ kí a wò ó dáadáa: katapílà irú ti búlúdósà ló ṣiṣẹ́ níbì kejì, òun náà ló ṣiṣẹ́ níbì kẹta. Irin tó wà níwájú rẹ̀ ló yàtọ̀. Lal gba ẹ̀bùn World Food Prize ní 2020 fún iṣẹ́ ayé rẹ̀ lórí ilẹ̀, ṣùgbọ́n mélòó nínú wa tó ń gba iṣẹ́ ìṣángbó ló ń rántí ohun tí ilẹ̀ Ìbàdàn kọ́ ọ?

Ọ̀rọ̀ yìí kan igbó ọba Omo àti Oluwa, níbi tí wọ́n ti gbin gmelina àti tíìkì lọ salalu. Igi méjèèjì yìí ń sọjí láti ara kùkùté. Bí a bá gé wọn mọ́lẹ̀ dáadáa, ọ̀mùnú tuntun yóò yọ láìgbin òmíràn. Ẹni tó bá fi eyín bọ́kẹ́ẹ̀tì hú kùkùté náà, igi ọdún iwájú ló hú dànù.

Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo ọwọ́ ló yẹ gbogbo apá. Àwọn àgbà ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí olówó ẹ̀rọ bi ara rẹ̀ ni ìwọ̀n. Tiltrotator fún katapílà tọ́ọ̀nù 20 lè wọn ju ìdajì tọ́ọ̀nù lọ. Ìwọ̀n yẹn ń jáde nínú ẹrù tí apá lè gbé, bí apá bá sì ti nà jìnnà tó ni ewu ìṣubú ń pọ̀ tó. Èkejì ni epo. Hámà nílò epo tó ń lọ lọ́nà kan. Ìgbámú nílò èyí tó ń lọ tó ń bọ̀. Orí ìlọgi, tó ń fi eyín lọ igbó wẹ́wẹ́, nílò epo púpọ̀ tí kò gbọdọ̀ dẹwọ́, pẹ̀lú họ́ọ̀sì kékeré mìíràn tó ń dá epo tó jò nínú mọ́tò padà sí táǹkì. Ẹni tó bá dí họ́ọ̀sì kékeré yẹn, mọ́tò ló fẹ́ bàjẹ́.

Ẹ̀kẹta ni ẹ̀mí. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bọ́kẹ́ẹ̀tì ti já bọ́ pa òṣìṣẹ́ nítorí pé ìkọ́ ìpààrọ̀ kò tì pa dáadáa. Nínú irú èyí tó nílò kí awakọ̀ sọ̀kalẹ̀ wá fi píìnì ààbò sí i lọ́wọ́, àwọn kan kò sọ̀kalẹ̀. Ní 2016, àjọ ISO gbé ìlànà 13031 jáde lórí ààbò ìkọ́ yìí. Nínú igbó, ẹ̀wọ̀n ayùn tó já máa ń fò bí ọta ìbọn, orí ìlọgi sì máa ń sọ igi àti òkúta jìnnà. Gíláàsì lásán kò tó fún awakọ̀ níbẹ̀. Gíláàsì tí kì í tètè fọ́ àti òrùlé irin ni ìlànà ń béèrè, kí ẹnikẹ́ni má sì wà nítòsí.

Nítorí náà, ẹ̀bẹ̀ ni ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí fi ń kádìí. Ẹ̀yin tí ẹ ń ra katapílà àlòkù ní èbúté, ẹ béèrè ìwọ̀n píìnì àti iye họ́ọ̀sì tó dé ṣóńṣó apá kí ẹ tó sanwó. Ẹ̀yin ìjọba tí ẹ ń gbé iṣẹ́ gọ́tà àti iṣẹ́ igbó fún agbaṣẹ́ṣe, ẹ kọ irú irinṣẹ́ tí ẹ fẹ́ sínú ìwé àdéhùn, pàápàá fún ìṣángbó. Ẹ̀yin olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́, ẹ kọ́ awakọ̀ bí wọ́n ṣe ń pààrọ̀ irinṣẹ́ kí ẹ tó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń walẹ̀. Ẹ̀yin awakọ̀, nígbàkúùgbà tí ẹ bá mú irinṣẹ́ tuntun, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ẹ gbọ̀n ọ́n wò, kí ẹ sì fi ojú yín rí i pé ó ti tì pa kí ẹ tó gbé e sókè.