Ìpínlẹ̀ Èkó: Ilẹ̀ Rẹ̀, Omi Rẹ̀ àti Ohun Tí Ń Gba Abẹ́ Ìjẹ̀gùn Kọjá



Bí a bá tẹ́ àwòrán ilẹ̀ Nàìjíríà sílẹ̀, Ìpínlẹ̀ Èkó ni ó kéré jù lọ nínú àwọn ìpínlẹ̀ 36 tí a óò rí níbẹ̀. Gbogbo rẹ̀ kò ju nǹkan bí 3,577 kìlómítà níbùú lóròó lọ, omi sì gba ju ìdá kan nínú márùn-ún rẹ̀. Òkun ni ààlà rẹ̀ ní gúúsù, orílẹ̀-èdè Benin wà ní ìwọ̀-oòrùn rẹ̀, Ìpínlẹ̀ Ògùn sì yí ìyókù ká. Iyanrìn ni ó tẹ̀ lé òkun, ọ̀sà ni ó tẹ̀ lé iyanrìn, lẹ́yìn ọ̀sà ni ilẹ̀ gbígbẹ bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè díẹ̀díẹ̀. Orí ilẹ̀ gbígbẹ yìí ni Ìjẹ̀gùn wà, pẹ̀lú Ìkọ̀tún, Ìgándò àti Ẹ̀gbẹ́dá, ní àgbègbè tí àwọn Àwórì ti ń dáko láti ìgbà pípẹ́. Ilé ni ó wà níbi tí oko wà tẹ́lẹ̀. Nígbà tí a ka ènìyàn ní ọdún 2006, iye tí a kọ sílẹ̀ fún Alímọ̀ṣọ́ nìkan jẹ́ 1,277,714, kò sì sí ìjọba ìbílẹ̀ mìíràn ní ìpínlẹ̀ náà tí iye tirẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Kí ni ó kó èrò tó báyìí jọ sórí ilẹ̀ kékeré? Kì í ṣe ohun tí ilẹ̀ náà ń mú jáde. Ẹnu ọ̀nà ni Èkó jẹ́. Ohun tí ń wọlé àti ohun tí ń jáde ni ó sọ ọ́ di ọlọ́rọ̀. Síbẹ̀ ẹnu ọ̀nà náà kò ṣí fúnra rẹ̀. Òkìtì iyanrìn abẹ́ omi ni ó dí i, tí àwọn ọkọ̀ òkun ńlá kò fi lè wọlé, tí ó fi di dandan láti máa fi ọkọ̀ kékeré kó ẹrù wọn. Odi òkúta tí a mọ wọ inú òkun ni ó fi agbára fún omi láti gbá iyanrìn náà lọ, tí ó fi di pé ní ọdún 1914 ọkọ̀ ńlá ń wọlé. Kí ó tó di ìgbà náà, ọ̀nà rélùwéè tí a bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1896 ti dé Ìbàdàn ní ọdún 1901. Báyìí ni kòkó, ẹ̀pà, òwú àti awọ ẹran ṣe ń rí ọ̀nà dé etíkun.

Láti ọdún 1954, ìlú Èkó bọ́ sọ́wọ́ Ìjọba Àpapọ̀, ṣùgbọ́n Ìkẹjà, Ìkòròdú, Ẹ̀pẹ́ àti Àgbádárìgì wà lábẹ́ Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn tí ó fi Ìbàdàn ṣe olú-ìlú. Ìjọba yẹn ni ó ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ fún àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá ní Ìkẹjà. Ní ọjọ́ 27 oṣù May, 1967, gbogbo wọn papọ̀ di ìpínlẹ̀ kan.

Ní gúúsù Amẹ́ríkà, ìpínlẹ̀ Louisiana jọ Èkó ní ọ̀nà púpọ̀. Ilẹ̀ rẹ̀ rẹlẹ̀, àbàtà pọ̀ níbẹ̀, odò Mississippi sì ń gbé ọjà àárín orílẹ̀-èdè náà wá sí èbúté New Orleans. Ọ̀pá epo pọ̀ lábẹ́ ilẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n Louisiana fi ju ìlọ́po 30 tóbi ju Èkó lọ, ó sì ń gbin ìrẹsì àti ìrèké fúnra rẹ̀. Èkó kò ní irú àyè bẹ́ẹ̀. Ilé iṣẹ́ ìrẹsì ńlá tí a ṣí ní Ìmọ́tà ní oṣù January, 2023 pàápàá ní láti máa wá ìrẹsì tí yóò lọ̀ láti ìpínlẹ̀ mìíràn.

Ó ku èyí tí ó kan Ìjẹ̀gùn gan-an. Epo tí ọkọ̀ òkun bá já sí Atlas Cove, inú ọ̀pá ni ó ń gbà lọ sí Mosimi ní ẹ̀bá Ṣágámù, abẹ́ Ìjẹ̀gùn sì wà lójú ọ̀nà náà. Ní ọjọ́ 15 oṣù May, 2008, katakata tí ń ṣe ọ̀nà gún ọ̀pá náà, iná sì sọ. Àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ wà nínú àwọn tí ó fara gbá a. Ẹgbẹ́ Red Cross sọ pé àwọn tí ó kú tó nǹkan bí 100. Ní ọjọ́ 4 oṣù July, 2019, iná tún sọ níbẹ̀. Ọwọ́ àwọn tí ń jí epo ni a sọ pé ìyẹn ti wá.

Ó yẹ kí ará ìlú mọ ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin méjèèjì lójú òfin. Òfin Ọ̀pá Epo ti ọdún 1956 sọ pé ẹni tí ó ni ọ̀pá gbọ́dọ̀ san owó gbà-máà-bínú fún ẹni tí ọ̀pá tí ó bẹ́ tàbí tí ó jò bá pa lára. Ṣùgbọ́n ó yọ ọṣẹ́ tí ẹlòmíràn bá mọ̀ọ́mọ̀ fi ìwà ibi ṣe kúrò nínú èyí. Nítorí náà, nígbà tí olè bá gbẹ́ ilẹ̀ lóru tí ó sì lu ọ̀pá, ẹni tí ilé rẹ̀ jóná lè máà rí ẹni tí yóò béèrè owó lọ́wọ́ rẹ̀. Aládùúgbò tí ó rí olè náà tí ó sì dákẹ́ ti gba ẹjọ́ yìí lọ́wọ́ ara rẹ̀ kí iná tó sọ.

Ní ti ẹni tí ó fẹ́ ra ilẹ̀ ní àdúgbò yìí, kí ó má ṣe gba ọ̀rọ̀ ẹnu ẹni tí ń tà á gbọ́. Kí ó mú ìwé àwòrán ilẹ̀ náà lọ sí ọ́fíìsì àwọn tí ń wọn ilẹ̀ fún ìjọba ní Aláúsá, kí wọ́n fi hàn án ibi tí ọ̀pá epo gbà, kí ó tó gbẹ́ ìpìlẹ̀.