Orin Gìtá Niger: Láti Inú Fóònù Dé Òde Ìgbéyàwó

Láàárín orin tó ń dún ní Niamey àti káàkiri Niger, gìtá oníná àwọn Tuareg ló súnmọ́ orin mẹ́tààlì jù: ìró rẹ̀ a máa ya létí, ìlù a sì máa sáré bí ẹni tí wọ́n ń lé. Ẹni tí ayé mọ̀ jù nídìí rẹ̀ lónìí ni Mdou Moctar, tí orúkọ rẹ̀ gan-an ń jẹ́ Mahamadou Souleymane. Ọwọ́ òsì ló fi ń ta gìtá. Èyí tó kọ́kọ́ ní, òun fúnra rẹ̀ ló kàn án, wáyà bíréèkì kẹ̀kẹ́ ló sì fi ṣe okùn rẹ̀.

Sókótó ni ó ti gba orin rẹ̀ sílẹ̀ ní 2008. Nínú orin "Tahoultine", ẹ̀rọ ló lu ìlù, ohùn rẹ̀ sì gba inú Auto-Tune, ẹ̀rọ tó ń tún ohùn ṣe, kọjá, gẹ́gẹ́ bí àṣà orin fíìmù Haúsá. Kò sí ilé-iṣẹ́ tó polówó rẹ̀. Nígbà náà, ọ̀dọ́ kan á gbé kọ̀ǹpútà kalẹ̀ lọ́jà. Oníbàárà á mú mẹ́mọ́rì kádì wá, á dárúkọ orin tó fẹ́, á san owó díẹ̀, wọ́n á sì kó o sí i fún un. Bluetooth ló kù tí yóò gbé e láti fóònù ẹnì kan sí ti ẹlòmíràn. Orúkọ olórin a máa sọnù lọ́nà, débi pé orin a gbajúmọ̀ ṣáájú ẹni tó kọ ọ́. Inú irú kádì bẹ́ẹ̀ ni Christopher Kirkley, ará Amẹ́ríkà, ti ṣa àwọn orin tó fi ṣe àwo *Music from Saharan Cellphones* ní 2011.

Olórin kì í rí kọ́bọ̀ nínú àdàkọ wọ̀nyí, síbẹ̀ kì í sábà bá àwọn adàkọ jà, kò sì yani lẹ́nu. Òde ìgbéyàwó lowó wà, ẹni tí orin rẹ̀ bá sì wà nínú fóònù àwọn ẹbí ìyàwó ni wọ́n ń ránṣẹ́ pè. Ní Niamey fúnra rẹ̀, eré alẹ́ tó ń pẹ́ gan-an ló sọ ẹgbẹ́ olórin Tal National di ìlúmọ̀ọ́ká, kí ilé-iṣẹ́ orin FatCat ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó gbé àwo *Kaani* jáde fún wọn ní 2013.

Ọ̀tọ̀ ni bí Matador, ilé-iṣẹ́ orin Amẹ́ríkà, ṣe ta àwo *Funeral for Justice* ní 2024. Orin kan ṣoṣo tó ń jẹ́ orúkọ àwo náà ló kọ́kọ́ jáde, èyí tí Mdou Moctar fi ń bá àwọn olórí Áfíríkà wí. Ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣeré ní àjọ̀dún orin Coachella lóṣù Kẹrin, odidi àwo sì tẹ̀ lé e ní ọjọ́ 3 oṣù Karùn-ún. Èdè Tamasheq ni wọ́n fi kọ ọ́, nítorí náà ìtumọ̀ wà lára ìpolówó, ohun tí orin inú mẹ́mọ́rì kádì kò ní.

Àwọn olólùfẹ́ òkèèrè náà wúlò. Nígbà tí àwọn ológun gbàjọba ní Niger ní ọjọ́ 26 oṣù Keje 2023, ìrìn-àjò eré ni ẹgbẹ́ náà wà ní Amẹ́ríkà, wọn kò sì rí ọ̀nà padà sílé. Àwọn tó ń gbọ́ orin wọn ló dáwó fún wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Amẹ́ríkà náà ni wọ́n ti fi gìtá tí kò lo iná gba àwọn orin *Funeral for Justice* sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Wọ́n gbé e jáde ní 2025 pẹ̀lú àkọlé *Tears of Injustice*.